Kọ̀ǹpútà Tí Ń Dákú: Ìwé Owó Ẹgbẹ́ ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Gbà Là

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù mẹ́ta yìí kì í ṣe lórí èlé tàbí ẹ̀yáwó, ṣùgbọ́n ó kan owó olúkúlùkù wa. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ni ó ti kó àkọsílẹ̀ ìfowópamọ́ kúrò nínú lẹ́jà sínú kọ̀ǹpútà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń lọ láti ẹgbẹ́ kan dé òmíràn láti yẹ ìwé wò, mo rí i pé bí kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dákú, ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ ṣe gan-an ni àwọn ènìyàn wa ń kọ́kọ́ ṣe.

Ní ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, bàbá akọ̀wé ń kọ owó oṣù sílẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà dúró gbagidi, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní “hang”. Bàbá dúró títí, ẹ̀rọ kò dáhùn. Wọ́n fa wáyà iná yọ, wọ́n tún tàn án. Ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ó tún dákú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi bá a ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó sú wọn, wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní Windows ni ó bàjẹ́. Ó pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ó fi Windows tuntun sí i, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kọ̀ǹpútà tún dákú, nítorí Windows kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́rin sì ti lọ.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ìyá kan tí ń ta ata jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá ti san ẹ̀yáwó wọn tán, ṣùgbọ́n ìwé tí ó kù sọ pé wọ́n ṣì jẹ gbèsè, àwọn onídùúró wọn sì ti ń bínú. Ohun tí ó yọ wọ́n ni pé wọ́n ti di gbogbo rìsíìtì wọn sínú aṣọ kan bí ẹni di owó. Wọ́n tú u síwájú mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹ̀rọ yín lè gbàgbé, èmi kò gbàgbé.” Àwọn mìíràn kò ní rìsíìtì. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni a jókòó lé lórí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, méjì sì wà níbẹ̀ tí n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ títí di òní pé a yanjú rẹ̀ bí ó ti tọ́.

Kí ni ó ń ṣe kọ̀ǹpútà náà? Nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́, hard disk ni àkọsílẹ̀ ń gbé. Àwo ni ó wà nínú rẹ̀ tí ń yí bìrìbìrì, bí ó bá sì fẹ́ bàjẹ́, ó sábà máa ń pariwo. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní SSD. Kò sí ohun tí ń yí nínú rẹ̀; ìdílé kan náà ni òun àti fláàṣì tí a ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó yára ju hard disk lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ké kí ó tó kú. Inú àwọn yàrá kéékèèké tí kò lóǹkà ni ó ń pa iná mànàmáná bíńtín mọ́ sí, iye ìgbà tí a sì lè pa ohun tí ó wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan rẹ́ kí a tún kọ òmíràn sí i ní òpin. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú SSD tí ó dà bí akọ̀wé: òun ni ó mọ yàrá tí ohun kọ̀ọ̀kan wà. Bí yàrá kan bá ń ṣàìsàn, akọ̀wé yìí á máa gbìyànjú láti kà á léraléra, Windows á sì dúró dè é. Ìdúró yẹn ni a ń pè ní dídákú. Bí iná bá wá lọ lójijì nígbà tí akọ̀wé kékeré yìí ń kọ ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́, ìwé náà lè dàrú, SSD á sì di òkú láìsí àpẹẹrẹ. Nítorí náà ni fífa wáyà yọ ṣe léwu, tí UPS sì fi yẹ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ tiwa yìí tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀.

Ẹ wo bí ó ti ń dákú. Bí SSD bá ni, atọ́ka orí ojú kọ̀ǹpútà lè ṣì máa rìn, ìwé tí ẹ ti ṣí tẹ́lẹ̀ lè ṣì máa gòkè sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ẹ bá tún béèrè kò ní jáde. Nígbà tí ó bá ṣe bí ìṣẹ́jú kan, gbogbo rẹ̀ á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà bí èrò ọjà. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc papọ̀ kí Task Manager jáde. Bí ibi tí a kọ Disk sí bá wà ní 100%, ṣùgbọ́n tí ohun tí ó ń kà àti ohun tí ó ń kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo, SSD ti há sí ibì kan nìyẹn. Nínú Event Viewer, lábẹ́ System, ẹ wá nọ́ńbà 7, 129 tàbí 153 tí ó bá wákàtí tí ẹ̀rọ dákú mu. Àmì mìíràn ni pé kọ̀ǹpútà á sọ nígbà tí ẹ bá tàn án pé òun kò rí ibi ìpamọ́ kankan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa á pátápátá fún ìgbà díẹ̀, á tún rí i. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tù yín nínú.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹ dá gbogbo àtúnṣe dúró. Ẹ má fi Windows tuntun sí i, ẹ má ṣe chkdsk, ẹ má kọ ohunkóhun kún un. Ẹ mú ibi ìpamọ́ mìíràn tí ara rẹ̀ yá, kí ẹ sì da àkọsílẹ̀ owó kọ síbẹ̀ ná: lẹ́jà, ìwé ẹ̀yáwó, orúkọ àwọn onídùúró, ìwé ìpàdé. Fọ́tò àjọ̀dún ẹgbẹ́ lè dúró. Bí ó bá ń dákú láàárín dídà kọ, kí ẹni tí ó mọṣẹ́ yọ SSD náà, kí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó sì lo ddrescue, tí í kọ́kọ́ kó ibi tí ó dán mọ́rán kí ó tó padà sí ibi tí ó ní ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àwọn ìwé tí ẹ dà kọ, kí ẹ fi àròpọ̀ wọn wé lẹ́jà. Ìwé tí a dà kọ tí kò ṣeé ṣí kì í ṣe ìwé.

Ìgbà yìí ni a tó lè wá ìdí rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni SSD ń jẹ̀bi. Wáyà tí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lè tú. Ooru lè pọ̀ nínú ọ́fíìsì tí kò ní fèrèsé. SSD tí ó kún dẹ́múdẹ́mú náà á máa lọ́ra. CrystalDiskInfo, tí a kì í sanwó fún, á fi ìlera SSD hàn. Bí iye àṣìṣe CRC bá ń lọ sókè, ẹ pààrọ̀ wáyà kí ẹ tó ra SSD tuntun. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ “Good”, ẹ má tìtorí rẹ̀ sùn. Mo ti rí èyí tí ó kọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tí ó kú ní Ọjọ́bọ̀.

Nígbà mìíràn, ìlànà tí àwọn tí ó ṣe é kọ sínú rẹ̀ ni ó ní àbùkù. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, Crucial gbé àtúnṣe jáde fún SSD wọn tí ń jẹ́ m4, tí ó máa ń dákú nígbà tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún 5,184 wákàtí, lẹ́yìn náà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àtúnṣe yẹn tó; kò sí ìdí láti sọ ọ́ nù. Ti Hewlett Packard Enterprise ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kìlọ̀ pé irú SSD wọn kan, bí a kò bá tún un ṣe, á kú ní 32,768 wákàtí, èyí tí í ṣe ọdún 3, ọjọ́ 270 àti wákàtí 8, àti pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní ṣeé gbà padà. Àwọn tí a bá tàn lọ́jọ́ kan náà á kú ní nǹkan bí ìgbà kan náà. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá ra méjì kí ọ̀kan lè máa ti ìkejì lẹ́yìn, ẹ má ra ìbejì.

Ẹgbẹ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń da ìwé kọ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì nísinsìnyí. Akápò ń mú ọ̀kan lọ sílé, wọ́n sì ń tẹ àkọsílẹ̀ oṣù jáde lórí ìwé kí alága fọwọ́ sí i. Hard disk tí a ń so mọ́ ìta ni mo ní kí wọ́n lò, nítorí SSD tí a tì mọ́ inú àpótí fún ọdún púpọ̀ láìfi iná sí i lè gbàgbé ohun tí ó mọ̀. SSD tí ó kú náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹnìkan fẹ́ rà á fún àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀, mo ní kí wọ́n má tà á, nítorí orúkọ àti gbèsè àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣì lè wà nínú rẹ̀. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n fi òòlù fọ́ ọ, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.