Iṣẹ́ Ọwọ́ Pẹ̀lú Jẹ́ Ìjọsìn



Bí ọ̀dọ́ bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọnà, àwọn òbí mìíràn a sọ pé òrìṣà ni ó ni ère. Bẹ́ẹ̀ ni Ìwé Ẹ́kísódù, orí 31, kọ́ wa pé Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún Bésálẹ́lì, kí ó lè gbẹ́ igi fún Àgọ́ mímọ́.

Ní 1947, Fada Kevin Carroll àti Fada Sean O'Mahony dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Àrẹògún, kò fi ọnà baba rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó fi í gbẹ́ ìtàn Jésù. Lámídì Fákẹ́yẹ, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ṣe káfíńtà, tí ń jó irin, tí ń ránṣọ ní Agége àti Ìkẹjà, ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ṣé òfo ni yóò wà níwájú pẹpẹ? Ẹni tí ó fi sùúrù ṣe ọnà sí ilé Ọlọ́run, àdúrà ni ó ń gbà. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dí wọn lọ́nà.

Jósẹ́fù Mímọ́, káfíńtà Násárẹ́tì, bẹ̀bẹ̀ fún wa.