Bí Kayak Bá Fẹ́ Dojú Dé: Ẹ̀kọ́ Lórí Àjẹ̀ àti Ìfọ̀kànbalẹ̀

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ohun tí ènìyàn lè ṣe ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ kékeré bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun mẹ́ta la fẹ́ kọ́: bí a ṣe ń fi àjẹ̀ gbé ara ró lórí omi, bí a ṣe ń jáde bí ọkọ̀ bá ti dojú dé, àti ìdí tí ìfọ̀kànbalẹ̀ fi jẹ́ ohun tí à ń fi ìdánrawò ní, tí kì í ṣe àbímọ́.

Kí ló kan ará Rumuibekwe?

Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni Rumuibekwe wà, nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Obio/Akpor, ṣùgbọ́n omi kò jìnnà sí wa. Bí a bá kọrí sí Woji, a ó bá omi tó ń ṣàn lọ pàdé odò Bonny. Ẹni tó ń kàwé ní Yunifásítì Port Harcourt ní Choba mọ odò New Calabar. Àgùnbánirọ̀ tí wọ́n bá gbé lọ sí Bonny, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, mọ etíkun tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Nembe, Bonny àti Bille. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi agbègbè yìí ń kún, lẹ́ẹ̀mejì ló sì ń fà, nítorí òkun ń tì í wọlé, ó sì tún ń fà á jáde.

Púpọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a wá kàwé tàbí ṣiṣẹ́ níbí kò dàgbà sétí omi bí àwọn Ìlàjẹ ti dàgbà sí i. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ. Odò kì í kún kó bo ẹja lójú, ṣùgbọ́n àwa kì í ṣe ẹja.

Kayak jẹ́ ọkọ̀ tóóró tí ènìyàn ń na ẹsẹ̀ jókòó sí, tó sì ń fi àjẹ̀ olójú méjì tù. Àwọn Inuit tó ń gbé ní Greenland àti apá àríwá Amẹ́ríkà ló ni ín látilẹ̀wá, wọ́n ń fi í ṣọdẹ ẹran inú òkun. Omi ibẹ̀ tutù débi pé ẹni tó bá já sínú rẹ̀ kò lè pẹ́ kó tó kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ bí ènìyàn ṣe lè dojú dé kó sì yí padà sókè láìkúrò lórí ìjókòó. Ọmọ ilẹ̀ wa náà ti wọ iṣẹ́ yìí: Jonathan Akinyemi fi kayak ṣojú Nàìjíríà ní ìdíje Òlíńpíìkì London ní 2012, Ayomide Bello sì fi ọkọ̀ alájẹ̀ olójú kan díje ní ti Tokyo, èyí tí wọ́n ṣe ní 2021.

Kí ló ń dojú ọkọ̀ dé?

Ọkọ̀ kékeré kì í ṣàdédé dojú dé. Ìgbì lè gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lè sáré kọjá kó da omi rú, tàbí kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ nawọ́ mú nǹkan tó bọ́ sómi. Nígbà tí ọkọ̀ bá tẹ̀, ohun tí ara wa máa ń ṣe láìrò ó ni láti gbé orí sókè, kí a fara ya kúrò lọ́dọ̀ omi, kí a sì di etí ọkọ̀ mú. Ohun tó ń parí iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn. Orí àgbàlagbà wúwo tó kílò mẹ́rin sí márùn-ún. Bí a bá fi agídí gbé e sókè, ìbàdí yóò ti ọkọ̀ sí òdìkejì, ọkọ̀ yóò sì parí ìdojúdé rẹ̀.

Òfin kìíní nìyí: ìbàdí ló ń dá ọkọ̀ padà, àjẹ̀ kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni, orí ló sì ń dìde kẹ́yìn.

Ìtìlẹ́yìn ìsàlẹ̀

Èyí ni ká kọ́kọ́ kọ́, òun ló sì rọrùn jù fún èjìká. Ká ní ọ̀tún ni ọkọ̀ ń tẹ̀ sí:

1. Di àjẹ̀ mú ní ìbúlẹ̀ níwájú ikùn, kí ìgúnpá rẹ méjèèjì wà lókè igi àjẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde lórí tábìlì.
2. Na àjẹ̀ sí ọ̀tún, kí ẹ̀yìn ibi pẹlẹbẹ rẹ̀ kọjú sí omi. Gbá omi pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá lọ ní pẹlẹbẹ, omi yóò gbà á fún ìgbà díẹ̀ bí ilẹ̀ líle. Bí ó bá lọ ní ẹ̀gbẹ́, yóò rì bí ọ̀bẹ.
3. Bí àjẹ̀ ti ń kan omi, fi eékún ọ̀tún ti òrùlé ọkọ̀ sókè kíákíá. Ìgbà yìí ni ọkọ̀ ń padà bọ̀ sípò.
4. Jẹ́ kí orí rẹ tẹ̀ sápá ọ̀tún, sọ́dọ̀ omi, títí ọkọ̀ yóò fi dúró déédéé. Lẹ́yìn náà ni kí o gbé e.
5. Yí ọrùn ọwọ́ díẹ̀ kí àjẹ̀ lè fi ẹ̀gbẹ́ jáde nínú omi. Bí o bá fà á jáde ní pẹlẹbẹ, yóò tún fà ọ́ padà.

Má ṣe fi gbogbo ìwúwo rẹ lé àjẹ̀. Kò sí ohun tó gbé àjẹ̀ náà dúró ju omi lọ, omi kì í sì í pẹ́ yà. Gbígbá yẹn kàn fún ìbàdí rẹ láyè láti ṣiṣẹ́ ni.

Ìtìlẹ́yìn òkè àti àfisíwá-sẹ́yìn

Bí ọkọ̀ bá ti tẹ̀ jù, ìtìlẹ́yìn ìsàlẹ̀ kò ní tó mọ́. Nígbà náà, ìgúnpá yóò bọ́ sábẹ́ igi àjẹ̀, ojú àjẹ̀ tí a fi ń tu ọkọ̀ ni yóò sì kan omi, bí ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi. Eékún àti orí yóò ṣe bíi ti àkọ́kọ́. Ìkìlọ̀ kan wà níbí: ìgúnpá gbọ́dọ̀ sún mọ́ egbẹ́ ara, kí ọwọ́ má sì ga ju àgbọ̀n lọ. Ẹni tó bá na ọwọ́ jìnnà sókè lè yẹ èjìká rẹ̀.

Bí gbígbá ẹ̀ẹ̀kan kò bá tó, a lè máa fa àjẹ̀ síwá sẹ́yìn lójú omi láìdúró. Ẹ wo bíríkìlà tó ń rẹ́ ilé: bó ṣe ń fa irin rẹ̀ lọ bó ṣe ń fà á bọ̀, ó máa ń gbé etí tó wà níwájú sókè díẹ̀, kí irin náà má baà wọnú sìmẹ́ǹtì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àjẹ̀ rí. Níwọ̀n ìgbà tí etí iwájú rẹ̀ bá ga díẹ̀, omi yóò máa gbé e. Èyí ń fún wa láyè láti mí ká tó fi ìbàdí dá ọkọ̀ padà.

Bí ó bá ti dojú dé ńkọ́?

Nígbà míì, gbogbo èyí kò ní ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ yóò dojú dé, orí yóò sì wà nísàlẹ̀ nínú omi tó dúdú. Ibí yìí ni ìbẹ̀rù ti ń pànìyàn, nítorí ẹni tó bá ta gìrì lè fa omi símú. Tẹ̀lé ètò yìí:

Pa ẹnu dé, má mí. Tẹ̀ síwájú kí ojú rẹ sún mọ́ òrùlé ọkọ̀. Èyí ń dáàbò bo ojú àti orí. Fi ọwọ́ gbá ìdí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àwọn tó wà nítòsí lè gbọ́. Bí aṣọ bá bo ojú ihò ìjókòó, wá okùn rẹ̀ níwájú, tì í síwájú, kí o sì fà á sókè. Fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ti ara rẹ jáde bí ẹni tó ń bọ́ ṣòkòtò, kí ẹsẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì yóò gbé ọ sókè.

Tí o bá ti yọrí, má fi ọkọ̀ àti àjẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó dojú dé ṣì ń léfòó, ó sì rọrùn fún olùgbàlà láti rí ju orí ènìyàn kan lọ. Bí omi bá ń fà lọ, má bá a jà: dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, kọ ẹsẹ̀ síwájú, kí o sì máa sún sétí díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú omi ìwẹ̀ kì í bẹ̀rù bí ẹni tó kà á nínú ìwé. Ara rẹ̀ ti mọ̀ pé ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ni ìjáde gbà, èémí òun sì pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ibẹ̀ ni ìfọ̀kànbalẹ̀ ti ń wá.

Ìgbàgbọ́ kò lé ìmúrasílẹ̀ lọ

A máa ń gbọ́ ọ láàárín wa pé ẹni tó ti gbàdúrà kò nílò láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Ènìyàn 276 ló wà nínú ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù. Ó ti gba ìlérí pé ẹnì kankan kò ní kú. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn atukọ̀ fẹ́ sá lọ, ó sọ fún balógun pé láìsí wọn nínú ọkọ̀, kò sí ìgbàlà. Ó rọ gbogbo wọn láti jẹun kí agbára lè wà. Nígbà tí ọkọ̀ fọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ lúwẹ̀ẹ́, àwọn yòókù di pákó mú, gbogbo wọn sì gúnlẹ̀. Ìlérí wà, atukọ̀ wà, oúnjẹ wà, pákó náà sì wà. Pọ́ọ̀lù kò rí ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá èkejì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní oṣù kẹfà 2023, ọkọ̀ kan tó ń kó àwọn tó ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dojú dé ní agbègbè Pátígí, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn tó kú lé ní 100. Ọ̀nà àjẹ̀ tí a kọ́ lókè kò lè gba irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ là. Ọkọ̀ kékeré ló wà fún. Ṣùgbọ́n èrò ọkọ̀ náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Àjọ NIWA, tó ń mójú tó ọ̀nà omi ilẹ̀ wa láti Lọ́kọ́ja, ti ń kìlọ̀ léraléra pé kí èrò wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ọkọ̀ má kó ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ, kó má sì rìn lóru. Bí jákẹ́ẹ̀tì kò bá sí tàbí tí okùn rẹ̀ ti já, bọ́ sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń mì, jókòó sí ipò rẹ: bí gbogbo èrò bá sáré lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn fúnra wọn ló dojú rẹ̀ dé.

Ìdánrawò àti ìbéèrè

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ lójú odò. Ẹ lo omi ìwẹ̀ tí kò jìn ju àyà lọ, pẹ̀lú olùkọ́ tó mọṣẹ́ àti ẹnì kan tó dúró tì yín. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ìjáde, lẹ́yìn náà ìtìlẹ́yìn ìsàlẹ̀, kí ti òkè tó tẹ̀ lé e.

1. Kí nìdí tí orí fi gbọ́dọ̀ dìde kẹ́yìn?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ipò ìgúnpá nínú ìtìlẹ́yìn ìsàlẹ̀ àti ti òkè?
3. Nínú Ìṣe orí 27, àwọn nǹkan wo ni Pọ́ọ̀lù ṣe lẹ́yìn tó ti gba ìlérí?
4. Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tó ń wọkọ̀ ojú omi, ṣé ó sì ní jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kẹrin yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn nípàdé ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ẹnì kan bá wà tí kò ní, ẹ jẹ́ ká dá owó jọ rà á fún un kó tó tún wọkọ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ.