Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Fún Ẹni Tó Ń Lọ sí Edale

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, n kò mọ̀ pé ẹnu géètì pákó kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò ti yé mi.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún ni. Èmi àti àbúrò mi obìnrin wọ ọkọ̀ ojú irin láti Manchester lọ sí Edale, a sì ń gba inú pápá kan kọjá lọ sí ẹsẹ̀ òkè. A bá géètì kan tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àbúrò mi, ọmọ tí ìyá wa kọ́ dáadáa, fà á dé, ó sì fi ìwọ̀ rẹ̀ kọ́ ọ. A kò tíì rìn jìnnà tí bàbá àgbẹ̀ kan fi ké sí wa láti ẹ̀yìn ògiri òkúta. Kò bínú o. Ó kàn ṣàlàyé pé òun fúnra òun lòun ṣí i, pé ibẹ̀ làwọn àgùntàn òun ń gbà lọ mu omi. Ìwà ọmọlúàbí la rò pé a hù, àṣé òùngbẹ la fẹ́ fi pa ẹran ẹlẹ́ran. Bí ẹ bá bá géètì ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bí ẹ bá bá a ní títì, ẹ tì í padà lẹ́yìn yín.

Àfonífojì kan ní Derbyshire ni Edale wà, láàárín Manchester àti Sheffield, ọkọ̀ ojú irin tó so ìlú méjèèjì pọ̀ sì ń dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ́nù lè wọ ọkọ̀ dé Sheffield, kó sì pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀. Abúlé náà kò ju ṣọ́ọ̀ṣì kan, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan, ilé ọtí méjì àti àwọn ilé olókùúta lọ. Àwọn àdúgbò rẹ̀ ń jẹ́ Upper Booth, Barber Booth, Ollerbrook Booth, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àgọ́ àwọn darandaran ìgbàanì ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Booth yẹn, ìyẹn ni pé abà làwọn ilé náà kí wọ́n tó di abúlé. Ẹni tó bá dàgbà sí Abà kan lẹ́yìn Ìbàdàn kò ní nílò ògbufọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjà lẹ fẹ́ ná, ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín. Òkè lèèyàn ń lọ wò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìkíni, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í ṣe. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ́nù ti gbàgbé ìkíni; bí ẹ bá kí ẹni tó jókòó tì yín nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, á di báàgì rẹ̀ mú. Edale kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú ọ̀nà òkè, ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí á kí yín: hẹlóò kan, gbólóhùn kan nípa ojú ọjọ́, ó parí. Ẹ má retí kó béèrè ara ilé, ẹ má sì dá a dúró bi í léèrè iye ọmọ tó bí. Ṣùgbọ́n ẹ má kọjá bí ẹni tó pọn omi sẹ́nu. Àwa tí a ní ìkíni fún ẹni tó ń jẹun, fún ẹni tó ń dirun, fún ẹni tó kàn jókòó lásán, ó máa ń tì mí lójú bí Òyìnbó bá kọ́kọ́ kí wa kí àwa tó kí i. Ẹ pa orin fóònù yín pẹ̀lú. Ìdákẹ́jẹ́ abúlé yẹn nídìí: nígbà tí àgùntàn bá ń bímọ ní ìgbà ìrúwé, àgbẹ̀ tó gbẹ̀bí wọn lóru mọ́jú lè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fojú kan oorun nígbà tí ẹ bá ń kọjá lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Ẹni tó bá sì gbé mọ́tò lọ, kó má gbé e sí ẹnu géètì oko olóko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dà bí ibi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀ṣọ́ òkè kì í sì í ṣe léèsì. Ẹni tó kọ́kọ́ wọ bàtà kànfáàsì funfun lọ síbẹ̀, èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ni. Kinder Scout, òkè tó yọrí lókè abúlé náà, ga ní mítà 636, òun ló ga jù ní gbogbo Peak District. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ilẹ̀ dúdú kan ló sì bò ó, tó ń fa omi mu bíi kànìnkànìn. Ẹsẹ̀ kan tí mo gbé sí i, ó mu mí dé orókùn. Oòrùn lè máa ràn ní ibùdókọ̀, kí kùrukùru ti bo orí òkè débi tí ẹ kò ní rí ọwọ́ ara yín. Ẹni eji rí leji ń pa, nítorí náà ẹ mú ẹ̀wù òjò, ìbáà jẹ́ oṣù Keje. Ẹ wọ bàtà tó gbá ọrùn ẹsẹ̀ mú, ẹ fi jíínsì sílé nítorí bó bá tutù kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ẹ sì fi ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kan sínú báàgì. Mo ti gbé jọ́lọ́ọ̀fù lọ nínú fúláàsì rí, ó dùn lórí òkè ju bó ṣe dùn nílé lọ. Ẹ ṣáà kó nylon àti egungun yín padà. Ẹ má sì dáná o, kódà ti ẹran sísun. Ilẹ̀ dúdú yẹn ń jó lábẹ́lẹ̀, ó sì lè máa jó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹni tó dáná ti délé.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ní 1892, ará Scotland kan tó ń jẹ́ Naismith ṣe ìṣirò kan tí àwọn arìnkè ṣì ń lò: wákàtí kan fún máìlì 3, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún gíga ẹsẹ̀ bàtà 2,000. Nípa báyìí, máìlì 6 tó ní gígùnkè ẹsẹ̀ bàtà 2,000 nínú á gba wákàtí 3, láìka ìsinmi, fọ́tò àti ìtàkùrọ̀sọ tí kì í tán. Ti àwa, mo máa ń fi ìdajì kún un. Ìdí ìṣirò yìí ni pé oòrùn máa ń wọ̀ kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù ní oṣù Kejìlá, bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹfà, aago 9 alẹ́ lè lù kí oòrùn má tíì wọ̀. Ẹ wo àkókò ọkọ̀ ìkẹyìn kí ẹ tó kúrò ní ibùdókọ̀.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, nítorí náà ẹ má dá nìkan gùnkè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé ibi tí ẹ ń gbà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró lábẹ́ àwọn òkè yẹn. Máàpù bébà kì í kú bíi bátìrì. Bí ẹnì kan bá fara pa, ẹ pe 999, ẹ béèrè ọlọ́pàá, kí ẹ sì ní mountain rescue lẹ fẹ́. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n, wọn kì í gba owó. Ẹni tó bá ti fi ọ̀rọ̀ náà register ránṣẹ́ sí 999 láti ilé lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè wọ́n níbi tí ìpè kò bá ti wọlé. Fèrè náà dára: ẹ̀ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí ojú àlejò kò lè rí rárá lórí òkè náà bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un. Nígbà kan, èèyàn kò gbọdọ̀ gun Kinder. Àwọn ọlọ́lá tó ni ilẹ̀ fi pamọ́ fún yíyìnbọn sí ẹyẹ kan tó jọ àparò. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 1932, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Manchester, kó ara wọn jọ ní Hayfield ní apá kejì òkè, wọ́n sì gùn ún láìgbàṣẹ. Benny Rothman, ọmọ ogún ọdún, wà lára aṣáájú wọn. Márùn-ún nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n, láti oṣù méjì dé oṣù mẹ́fà. Ní 1951, agbègbè náà di National Park àkọ́kọ́ ní Bìrìtìkó. Ní 1965, wọ́n ṣí Pennine Way, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ máìlì 268 tó bẹ̀rẹ̀ ní Edale gan-an títí wọ Scotland. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba: ní 2002, Duke of Devonshire, tí ìdílé rẹ̀ wà lára àwọn ọlọ́lá onílẹ̀ yẹn, dìde níwájú èrò, ó sì tọrọ àforíjì fún ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe. Nítorí náà bí ẹ bá rí ọfà aláwọ̀ ìyeyè lára òpó igi, èyí tó ń júwe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e láìfòyà, bí ó tilẹ̀ gba àárín pápá àgùntàn. Ẹ̀tọ́ yín ni. Àwọn kan ti bá yín ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀.

Ẹni tí orókùn rẹ̀ kò bá gba Kinder, kó lọ sí Mam Tor ní òdìkejì àfonífojì náà. Mítà 517 ni, àtẹ̀gùn olókùúta sì wà níbi tó le jù. Òkè Ìyá ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, ìyá ọ̀hún kì í sì í jókòó jẹ́jẹ́: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ya lulẹ̀ débi pé ìjọba tún ọ̀nà mọ́tò tó gba abẹ́ rẹ̀ ṣe títí, ó sú wọn, wọ́n tì í pa ní 1979. Ọ̀dà tó fọ́ wẹ́wẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè rìn lórí rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ yẹn, a sọ̀kalẹ̀ padà gba inú pápá bàbá àgbẹ̀. Géètì ọ̀hún ti tún ṣí sílẹ̀ gbayawu, àgùntàn méjì sì dúró sí ẹnu rẹ̀. Àbúrò mi wò ó, ó wò mí, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.