Ọ̀mọ̀wé ni àbí Ọ̀mọ̀ṣẹ́? Ẹ̀kọ́ lórí oyè dókítà fún àwọn nọ́ọ̀sì

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni àǹtí mi, àbúrò ìyá mi. Okokomaiko ló ń gbé, ó sì ti lo ọdún 19 lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan tó wá kí wa ní Ìbà, ó ní òun fẹ́ kàwé sí i títí òun yóò fi gba oyè dókítà. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé o fẹ́ fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ni?" Àǹtí mi dáhùn pé, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Nọ́ọ̀sì náà ni mo fẹ́ máa jẹ́."

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá sílẹ̀. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, "doctor" lè jẹ́ oníṣègùn, ó sì lè jẹ́ ẹni tó gba oyè tó ga jù ní yunifásítì. Nígbà tí Yorùbá yá a lò, oníṣègùn ilé ìwòsàn ni "dókítà" dúró fún lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó gba oyè ni a ń pè ní "ọ̀mọ̀wé", ìyẹn ẹni tó mọ ìwé. Ṣùgbọ́n oyè tí àǹtí mi ń wá kò dá lórí ìwé nìkan.

Ọ̀nà méjì ni oyè yìí pín sí ní Amẹ́ríkà. PhD ń kọ́ nọ́ọ̀sì láti wá ìmọ̀ tuntun. Èkejì ni Doctor of Nursing Practice, tí wọ́n ń pè ní DNP. Yunifásítì Kentucky bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2001. Ní 2004, ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga nọ́ọ̀sì níbẹ̀ fọwọ́ sí i pé òun ni kó jẹ́ oyè fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ní ipò gíga. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: kí ló dé tí ohun tí a ti mọ̀ kò tíì dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn?

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ láti ilé. Ìwádìí E-MOTIVE, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, wáyé ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti South Africa, lórí ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lára obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Kì í ṣe iṣẹ́ oyè DNP, ṣùgbọ́n irú ìbéèrè kan náà ni. Kò sí oògùn tuntun níbẹ̀. Ọ̀rá tó ní ìlà ìwọ̀n ni wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀, kí agbẹ̀bí má baà máa fojú díwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ̀ jù, gbogbo ìtọ́jú tí a ti mọ̀ ni wọn yóò ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n rí nǹkan bí 93 nínú 100 àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn; níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bíi ti àtẹ̀yìnwá, bí 51 ni. Ewu ẹ̀jẹ̀ tó le gan-an dín kù ní nǹkan bí ìdá 60 nínú 100.

Lẹ́yìn ìwádìí ńkọ́? Ta ni yóò rí i pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ń ṣe é, tí yóò ka iye rẹ̀, tí yóò tún un ṣe? Iṣẹ́ tí DNP ń kọ́ni nìyẹn.

Mo bi àǹtí mi bóyá ìrírí ọdún 19 kò tó. Ó ní, "Mo mọ ohun tó yẹ ká ṣe. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́ nípàdé, wọ́n á ní ẹ̀rí dà?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Lóòótọ́, oyè náà ń gba owó àti àkókò, bí ilé ìwòsàn kò bá sì fún ẹni tó gbà á láyè láti yí nǹkan padà, asán ni. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ oyè àkọ́kọ́ fún nọ́ọ̀sì láti 1965. Ìgbésẹ̀ tó kù kò yẹ kó yà wá lẹ́nu.

Mo ti rí èsì fún ìyá mi. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí a ṣẹ̀dá bíi "ọ̀mọ̀wé": "ọ̀mọ̀ṣẹ́", ẹni tó mọ iṣẹ́. Àǹtí mi ti jẹ́ ọ̀mọ̀ṣẹ́ tipẹ́. Oyè yìí yóò jẹ́ kí àwọn tó wà nípàdé gbà bẹ́ẹ̀.