Ṣé kí n jẹ́ kí efinrin Màmá tanná?

ÌBÉÈRÈ

Màmá mi papò dà nígbà òtútù tó kọjá. Ọ̀dọ̀ mi ní Manchester ni wọ́n wà láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí mi, àwọn ni wọ́n sì sọ ẹ̀yìnkùlé mi di oko: efinrin nínú ike ọ̀dà, tòmátì níbi tí oòrùn ń dé, elégédé lára ọgbà onípákó. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń fi èékánná já orí efinrin tó bá fẹ́ tanná. Wọ́n ní bó bá ti tanná, ewé rẹ̀ ò wúlò fún ọbẹ̀ mọ́.

Efinrin wọn kan tó kù lójú fèrèsé kíṣìnì, àti kóró elégédé tí wọ́n fi sínú àpòòwé, ni mo kó síta lóṣù Kẹfà. Àmọ́ bí ọmọ elégédé bá ti tó àtàǹpàkò, á pọ́n, á rọ, á já bọ́. Aládùúgbò mi ní oyin ni kò sí, pé kí n jẹ́ kí ewé mi tanná kí oyin lè máa wá. Ó ń ṣe mí bíi pé mo fẹ́ rú òfin Màmá kí ọdún wọn tó pé. Àbúrò mi ní Abẹ́òkúta ní òun á fi irúgbìn efinrin mìíràn ránṣẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Alẹ́fọ̀ọ́

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ará-fẹ́-ra-kù. Ẹ̀yìn Màmá á dára.

Òótọ́ ni aládùúgbò yín sọ. Ẹ lọ wo elégédé yẹn ní ìdájí. Òdòdó akọ dúró lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn. Abo ti ní ọmọ róbótó lẹ́yìn kó tó ṣí rárá. Ìdájí ni wọ́n ń ṣí, kó sì tó di ọ̀sán gangan wọ́n ti pa dé, ó parí nìyẹn. Láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn ni oyin gbọ́dọ̀ gbé lẹ́búlẹ́bú akọ dé àárín abo. Bí kò bá gbé e dé, ọmọ á já. Kí oyin tó pọ̀ sí i, ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe é: ẹ já akọ kan, ẹ ya ewé òdòdó rẹ̀ dànù, kí ẹ fi àárín rẹ̀ ra àárín abo.

Ní ti efinrin, òfin Màmá dára fún ọbẹ̀. Bó bá ti ń tanná, ewé tuntun á kéré, á sì le. Ṣùgbọ́n efinrin tí a kì í jẹ́ kó tanná kò lè so, igi kan ṣoṣo lẹ sì ní, èyí tí yìnyín á pa bó bá sùn síta. Ẹ gé ẹ̀ka méjì mẹ́ta lára rẹ̀ lóṣù yìí, kí gígùn rẹ̀ tó ọwọ́ kan, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kí ẹ kì í bọ ife omi lójú fèrèsé. Bó bá ta gbòǹgbò, ẹ gbìn ín. Ẹ máa já orí ọ̀kan bí Màmá ti ń ṣe, kí ẹ jẹ́ kí èkejì tanná fún oyin. Èmi ò rí àìgbọràn níbẹ̀. Ewé ni Màmá ń wá. Ẹ̀yin ń wá bí efinrin wọn ò ṣe ní parun. Bí òórùn rẹ̀ lábẹ́ èékánná bá sì mú yín sunkún, ẹ sun ún. Ewé tó bá pọ̀ jù, fíríìsà ni kó lọ, kó di ọbẹ̀ ọjọ́ ìrántí wọn.

Ẹ má tìtorí èyí lọ ra ilé oyin o. Irú oyin tó wà ní Bìrìtéènì lé ní 250, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń dá gbé nínú ilẹ̀ tàbí inú igi gbígbẹ. Àwọn ńlá onírun wọ̀nyẹn lẹ nílò jù, torí wọ́n ń jáde nínú òtútù àti òjò wínníwínní, Manchester ò sì ṣàì ní méjèèjì. Ẹ dúró ti tòmátì yín kí ẹ wo ọ̀kan: á dì mọ́ òdòdó, ohùn rẹ̀ á ga lójijì bí ẹ̀rọ ìránṣọ, lẹ́búlẹ́bú á sì dà sí i níkùn. Oyin inú afárá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Borage, láfẹ́ńdà àti táìmù ló máa fà wọ́n wá. Òdòdó tí ewé rẹ̀ pọ̀ ní ìpele-ìpele rẹwà lójú wa, ṣùgbọ́n oyin kì í sábà rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ẹ má fín oògùn kòkòrò sí ohun tó tanná. Kòkòrò iná tó bá bo orí ewé, omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́.

Kí àbúrò yín ní sùúrù. Irúgbìn láti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ wọ Bìrìtéènì láìsí ìwé ẹ̀rí pé kò lárùn, èyí tí Nigeria Agricultural Quarantine Service ń fún ni.

Ó ku kóró inú àpòòwé. Ẹ má gbìn ín tán. Bí aládùúgbò bá gbin ẹbí elégédé, oyin lè pò ó mọ́ tiyín, kí ọmọ ọdún tó ń bọ̀ má sì jọ ti Màmá mọ́. Bí irú rẹ̀ bá korò lẹ́nu, ẹ dà á nù, ó lè pani lára. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi òwú so ẹnu akọ kan àti abo kan tó máa ṣí lọ́la. Ní ìdájí, ẹ tú wọn, ẹ ra wọ́n pọ̀, kí ẹ tún so abo náà padà. Ẹ so òwú pupa mọ́ ìdí ọmọ yẹn, kí ẹ má sì ká a títí igi rẹ̀ á fi gbẹ. Inú rẹ̀ lẹ ó ti yọ kóró ọdún tó ń bọ̀. Àwọn tó kù, ẹ sè é jẹ.