Àròkọ Ajẹmọ́-Ìsípayá: Bàálù Ńlá DC-10

Àkíyèsí: Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, irú àròkọ yìí kò fẹ́ àbùmọ́. Ohun tí ó dá ọ lójú ni kí o kọ, kí o sì tò ó bí ó ṣe tẹ̀ lé ara. Bí o bá ń sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó, fi í wé ohun tí òǹkàwé mọ̀.

Ìlapa Èrò
(a) Bí bàálù náà ṣe tóbi tó
(b) Bí wọ́n ṣe ṣe é
(d) Àléébù rẹ̀
(e) Ìkádìí

Àpẹẹrẹ Àròkọ

Ní ọdún 1976 ni ilé-iṣẹ́ Nigeria Airways gba bàálù DC-10 àkọ́kọ́ rẹ̀, tí ó ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá dúró ní Dùgbẹ̀ tí ó gbójú sókè wo Ilé Kòkó lè díwọ̀n rẹ̀. Ilé náà ga tó nǹkan bíi mítà 105. Bàálù yìí gùn tó mítà 55. Bí a bá lè gbé e nàró, orí rẹ̀ yóò kọjá ìdajì ilé náà.

Ilé-iṣẹ́ McDonnell Douglas ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe é. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968. Ó kọ́kọ́ fò ní 1970, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní 1971. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ni ó ní: ọ̀kan lábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kẹta nídìí ìrù. Kí ó lè rin ọ̀nà jíjìn, wọ́n fi kún epo tí ó ń gbé. Ṣùgbọ́n epo wúwo, nítorí náà wọ́n fi ẹsẹ̀ mìíràn kún un lábẹ́ ikùn. Irú èyí ni Nàìjíríà rà.

Àléébù kan wà lára rẹ̀. Ìta ni ilẹ̀kùn ẹrù rẹ̀ ń ṣí sí. Bí bàálù bá wà lókè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a máa ti ilẹ̀kùn síta. Bí ìkọ́ kò bá há dáadáa, yóò já. Ó já ní 1972 nítòsí Windsor ní Canada, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kú. Ìkìlọ̀ nìyẹn, síbẹ̀ àwọn aláṣẹ kò sọ àtúnṣe rẹ̀ di dandan. Ní 1974 ó tún já nítòsí Párìsì, ènìyàn 346 sì kú. Ìgbà náà ni àtúnṣe tó di dandan.

Nigeria Airways kógbá sílé ní 2003, DC-10 pàápàá kò gbé èrò mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kù. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Iṣẹ́ Ṣíṣe
1. Kí ni ìwúlò Ilé Kòkó nínú àròkọ yìí?
2. Fi ìlànà yìí kọ àròkọ lórí “Ọkọ̀ Ojú Irin.”