Bàbá tó fẹ́ràn igbó: báwo la ṣe máa ṣe ìrántí wọn?

*Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú oṣù Èrèlé tó ń bọ̀ ni yóò pé ọdún kan tí bàbá wa jáde láyé ní Ìsẹ́yìn. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọdẹ gidi ni wọ́n. Bí ẹ kò bá bá wọn lóko, ẹ ó bá wọn létí odò Ọ̀gùn pẹ̀lú ìwọ̀. Nígbà ọlidé, wọ́n á jí gbogbo wa láfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n á fi ipasẹ̀ ẹtu àti ti ìgalà hàn wá lórí ẹrẹ̀, wọ́n á ní kí a sọ èyí tó jẹ́ ti òru àná. Ní báyìí, àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gba gbọ̀ngàn ńlá ní Ìbàdàn, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ Bàbá ń béèrè ìgbà tí a máa ṣe ìṣípà. Àbúrò mi tó jẹ́ àáfà ní òun kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Màmá wa kò dá sí i. Wọ́n kàn ń sọ pé ìbọn Bàbá ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí ni kí n ṣe? — Ọmọ Ọdẹ, Ìbàdàn*

Ọmọ Ọdẹ, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ọlọ́run yóò dá Màmá sí fún yín.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ipasẹ̀ ẹran lórí ẹrẹ̀ yẹn ni mo tún padà lọ kà. Bàbá tó jí ọmọ ní kùtù láti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn án ti sọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n ti máa rántí òun. Mi ò kórìíra àríyá o. Ẹni tó dàgbà tó sì fi ọmọ sáyé, ó yẹ kí a jẹ kí a mu nítorí rẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá ṣe é ní gbọ̀ngàn Ìbàdàn, ta ni yóò jókòó síbẹ̀? Ọ̀rẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n yín ni. Àwọn tó bá Bàbá sùn ní abà, tí wọ́n jọ pín ẹran, tí wọ́n mọ odò tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bómi lọ, arúgbó ni wọ́n báyìí, Ìsẹ́yìn ni wọ́n wà. Ẹ ṣe é ní agbolé Bàbá. Bí aṣọ bá sì di dandan, Ìsẹ́yìn kúkú ni ìlú aṣọ òkè. Ẹ jẹ́ kí owó náà wọ àpò àwọn ahunṣọ ibẹ̀.

Ní ti ìṣípà, mo rò pé ìjà tó wà láàárín àáfà àti àwọn ọdẹ kò tó bí ẹ ṣe rò. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń kó ohun èlò ọdẹ rẹ̀ jọ, wọn a sun ìrèmọ̀jé, wọn a sì gbé ohun èlò náà lọ sínú igbó. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé títí wọn ó fi ṣe é, òkú náà kò tíì kúrò nínú ẹgbẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bádé Àjùwọ̀n kọ odindi ìwé lórí ìrèmọ̀jé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1982. Ètùtù tó jẹ mọ́ Ògún wà nínú ìṣípà, n kò sì ní sọ pé kí àáfà lọ́wọ́ sí ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀. Ṣùgbọ́n ìrèmọ̀jé fúnra rẹ̀, ìtàn ayé Bàbá ni: oríkì wọn, ẹran tí wọ́n pa, ìwà wọn sí ọ̀rẹ́ àti sí aya. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọdẹ Òkè-Ògùn tó ń sun ún ló ń kírun tàbí tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí àáfà ṣe àdúà tirẹ̀ lọ́sàn-án, kí àwọn ọdẹ wá sun tiwọn lálẹ́ níwájú ilé. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe nínú igbó lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ẹgbẹ́ ló wà. Kí ẹnì kan nínú yín fi fóònù ká gbogbo ohùn náà sílẹ̀. Kò sí fọ́tò tó lè sọ ohun tí àwọn àgbà yẹn máa sọ lóru ọjọ́ yẹn.

Ìbọn yẹn ńkọ́? Ẹ má fi falẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àṣẹ ìbọn nìkan ni ìwé náà wà fún, ìbáà ṣe ṣakabùlà. Kì í ṣe ogún tí ẹ lè pín bí gbérí tàbí àpò. Kí ọmọdé kankan má fọwọ́ kàn án, kí ẹnikẹ́ni má sì yìn ín lọ́jọ́ ayẹyẹ. Kí àgbà ọdẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì lọ fi tó ọlọ́pàá létí. Gbérí, àpò àti iná ọdẹ ni kí ẹ tọ́jú fún àwọn ọmọ.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí, ẹ lọ jókòó ti Màmá. Ẹni tó ń ṣọ́nà de ọdẹ lóru ni ìyàwó rẹ̀. Ó mọ òru tí ọkọ rẹ̀ pẹ́, ó mọ òru tó wọlé lọ́wọ́ òfo tí kò sì fẹ́ kí ọmọ mọ̀. Bí Màmá ṣe ń dárúkọ ìbọn ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, ọ̀rọ̀ wà nínú wọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè. Ẹ béèrè. Ohun tí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́, kí ó kúrò nínú ètò, ì báà ṣe ohun tí èmi sọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó àwọn ọmọ-ọmọ lọ sétí odò. Èrèlé dára fún un: ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé, odò Ọ̀gùn ti fà, ipasẹ̀ á hàn lórí iyanrìn tútù. Ẹ má dá lọ o. Igbó òde òní kò rí bí ti ayé Bàbá mọ́. Àwọn ọdẹ ìlú tó mọ ibi tó láàbò ni kó ṣíwájú yín. Àwọn ọmọ tó bá fẹ́ rí ẹranko láàyè, ọgbà ìjọba tó yí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ká kò jìnnà púpọ̀ sí Ìsẹ́yìn. Láti 1991 ló ti di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè, ọdẹ ṣíṣe kò sì sí níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní oríkò wọn ní ìlú Ọ̀yọ́ bóyá àlejò lè wọlé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní kí ẹ gbin igi lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá gbìn ín nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ó máa kú. Àsìkò àgbálùmọ̀ ni Èrèlé. Ẹ rà á fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ ìrántí, kí wọ́n jẹ ẹ́, kí wọ́n kó kóró rẹ̀ jọ, kí ẹ tètè gbìn ín sínú ọ̀rá tí ẹ ó máa bomi rin. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ gbé e lọ sí oko Bàbá. Yóò pẹ́ kí ó tó so, ìyẹn ni kó mú kí àwọn ọmọ máa padà lọ wò ó.

Àwọn àgbà ọdẹ tó ń béèrè ìṣípà lọ́wọ́ yín kò ní máa dúró dè yín títí. Ẹ pe olórí wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tó san owó gbọ̀ngàn kankan. Tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ tún kọ̀wé sí mi.